Omi Gbogbo Àdúgbò

Wopke bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan níwájú ilé ìtajà, ó gbé e sún mọ́ imú bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀, ó sì ní ó ṣì lè bá òun dé ọ̀la. Jelmer rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fi ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Sietse, tó jókòó láàárín àwọn méjèèjì, yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ kò wù ú jẹ mọ́. Síbẹ̀ òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé ó ń ṣe fáàrí.

Ọmọ ìlú Leeuwarden ní ilẹ̀ Netherlands ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò àṣejáde ni, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tọ́jú owó iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ kí wọ́n lè fojú kan Japan fún ìgbà àkọ́kọ́. Wopke ni wọ́n fi ṣe olórí, nítorí òun ló mọ bí a ṣe ń rí ohun pọ́ọ́kú. Òfin rẹ̀ kò ṣòro: ibi tí ẹsẹ̀ bá lè gbé ni dé, a kì í wọ rélùwéè lọ síbẹ̀, oúnjẹ tí wọn kò bá tíì dín owó rẹ̀ kù, a kì í rà á, ẹ̀rọ ìfọṣọ tó bá ń gbowó, tàwọn olówó ni. Bẹ́ẹ̀ oòrùn oṣù Keje ní Kyoto kì í ṣe oòrùn eré. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn láti ojúbọ tó ní ẹnu ọ̀nà pupa rẹpẹtẹ ní Fushimi títí dé ìdí ọparun Arashiyama, ṣẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn, òógùn gbẹ, òmíràn tún jáde. Nílé àtìpó tí wọ́n dé sí, ọmọbìnrin ará Portugal kan ti rọra gbé ẹrù rẹ̀ kúrò nítòsí ibùsùn wọn.

Kò sẹ́ni tó ní kí ọmọdé má ṣọ́wó ná. Ṣùgbọ́n ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́ ni ọ̀rọ̀ Wopke. Ó ń fi owó tí kò tó bo ẹ̀gbin mọ́lẹ̀. Nílé tí owó ti wà náà, àwọn òbí rẹ̀ a máa bẹ̀ ẹ́ kó tó wẹ̀.

Sietse ní ohun tó ń rò lọ́kàn tí kò tíì sọ. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ó dá yọ́ lọ sí ilé ìwẹ̀ àdúgbò tó wà lẹ́yìn ilé àtìpó. Màmá Kuwabara, arúgbó tó ni ibẹ̀, kò gbọ́ èdè kankan ju tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ ṣàpèjúwe fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀: jókòó sórí àpótí kékeré, fi ọṣẹ bora, ha abẹ́ apá, ha àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, ṣan ara títí ọṣẹ yóò fi tán pátápátá, lẹ́yìn náà kó o tó wọ inú kòtò omi gbígbóná. Aṣọ ìnura kò gbọdọ̀ kan omi yẹn. Kòtò náà kì í ṣe ibi ìwẹ̀. Ibi tí ẹni tó ti wẹ̀ tán ti ń sinmi ni, gbogbo àdúgbò ló sì ni ín.

Inú omi náà ló ti pàdé Bàbá Hosokawa, tó ń fi igi ṣe garawa. Bàbá yìí ti ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi nígbà èwe, ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Garawa tó gbé wá síbẹ̀ kò ní ìṣó kankan lára, síbẹ̀ omi kì í jò níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ni Sietse ń lọ bó bá padà délé, nítorí náà ó gba garawa yẹn, ó ń yí i po, kò fẹ́ dá a padà mọ́. Inú bàbá dùn sí i. Ó ní òun kì í gba àlejò ní ìsọ̀ òun, ṣùgbọ́n kí Sietse wá ní àárọ̀ Sátidé, òun yóò jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọ̀kan. Gbogbo tẹ́ńpìlì tí Sietse ti rí ní Kyoto, kò sí èyí tó dùn mọ́ ọn tó ìpè yìí. Ọ̀la gan-an sì ni Sátidé.

Kò mọ̀gbà tó sọ ọ́ fún wọn níwájú ilé ìtajà náà. Kíá ni ojú Wopke là.

"Omi gbígbóná wà lẹ́yìn ilé wa, o ò sọ? Ẹ kó gbogbo aṣọ yín wá. Owó ìwẹ̀ la máa san, a sì máa fọṣọ lọ́fẹ̀ẹ́."

Sietse ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ó ṣàlàyé ti àpótí, ti ọṣẹ, ti omi tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn.

"Ẹ wo àlàgbà Japan," Jelmer ní. "Ìrọ̀lẹ́ kan péré ló lò lọ́dọ̀ wọn, ó ti fẹ́ máa tẹríba fún ẹ̀rọ omi."

Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé ilé àtìpó. Sietse ì bá ti sọ pé òun kò lọ, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti jọ ń rìn, ẹ̀rù dídá wà sì ń bà á nílẹ̀ àjèjì. Ó gbé báàgì tirẹ̀ náà, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí wọ́n bá dé ọ̀hún, ojú yóò tì wọ́n. Ojú kì í sì í déédéé ti ẹni tí kò ní ìtìjú.

Inú Màmá Kuwabara dùn nígbà tó rí i. Bí àjèjì bá wọlé, ìyá yìí a máa dìde wá ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń wẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kò dìde. Ó nawọ́ sí Sietse, ó nawọ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohun tó ń sọ yé e yékéyéké: ìwọ ni kó o kọ́ wọn. Sietse tẹríba, ó gbà. Wopke kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ ọṣẹ tó wà níbẹ̀ fún títà.

Àwọn oníbàárà ìrọ̀lẹ́ kò tíì dé. Wopke kò fọwọ́ kan àpótí kankan. Pẹ̀lú ẹrẹ̀ Arashiyama lẹ́sẹ̀, ó bẹ́ sínú omi tí omi fi ta sí ara ògiri, ó sì da aṣọ inú ọ̀rá rẹ̀ síbẹ̀: ìbọ̀sẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì, pátá tí kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó wọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn. Dúdú ń ti ara wọn jáde. Jelmer tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí omi tó mọ́ gaara náà fi dà bí omi tí wọ́n fi fọ àwo, tí wọ́n fi sílẹ̀ mọ́jú. Pílásítà tí Jelmer lẹ̀ mọ́ egbò gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣí kúrò, ó ń léfòó kiri láàárín wọn, àwọn méjèèjì sì ń fi í ṣeré, wọ́n ń fẹ́ ẹ sí ara wọn.

Sietse jókòó sórí àpótí, ó kọ̀yìn sí wọn, ó ń ha ara rẹ̀. Ó rò pé bí òun bá ti mọ́, ó tán.

"Mú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ wá," Wopke ní. "Àbí òórùn yẹn lo fẹ́ gbé lọ bá bàbá onígarawa rẹ lọ́la?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára. Ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́rùn kan ṣoṣo tó ní ń rùn lóòótọ́, kò sì fẹ́ fi òórùn wọ ìsọ̀ bàbá. Ó wo omi náà, ó ní ó kúkú ti bàjẹ́, kí ló tún kù tí òun fẹ́ bà jẹ́ níbẹ̀? Ó lóṣòó, ó ti ṣẹ́ẹ̀tì bọ inú omi, ó ń fún un.

Bàbá Hosokawa wọlé, garawa lápá. Ó ti bọ́ awò ojú rẹ̀, ooru omi sì bo gbogbo ilé, kò rí nǹkan kan. Ó kí wọn, ó jókòó, ó sì wẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ láìkánjú. Sietse ń wá ibi tí yóò fi ṣẹ́ẹ̀tì pamọ́ sí. Bàbá dìde, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tọ́ omi wò, ìbọ̀sẹ̀ Wopke sì kàn án lọ́wọ́.

Ó fà á jáde. Ó gbé e súnmọ́ ojú kó lè rí ohun tó jẹ́, ó rọra fi í lélẹ̀. Ó wo inú omi, lẹ́yìn náà ó wo Sietse, tí omi ṣì ń kán lára ṣẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀. Bàbá padà sórí àpótí, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yẹn, ó tún un fọ̀, ó gbé garawa rẹ̀, ó jáde.

Màmá Kuwabara wọlé wò ó. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó fa ohun tó dí ihò ìdí kòtò omi yọ, gbogbo omi ọjọ́ náà sì ń ṣàn lọ. Lẹ́yìn náà ó jáde síta, ó ká aṣọ ẹnu ọ̀nà tó máa ń fi hàn pé ilé ìwẹ̀ ṣí. Àwọn arúgbó àdúgbò ti ń bọ̀ pẹ̀lú bàsíà lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní balùwẹ̀ nílé. Màmá ń tẹríba fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ wọ́n. Ìyá kan tó ń fi ọ̀pá rìn yí padà, ó tún ọ̀nà rẹ̀ tọ̀, díẹ̀díẹ̀.

Wopke dúró lójú títì, ó ń fún ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. "Kò tilẹ̀ ní ká san owó ìtanràn," ó ní. "Mo sọ fún yín."

Ẹ̀rín tí wọ́n ń rín, ọ̀rá olómi tí wọ́n gbé lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń rí Sietse lára. Èyí tó burú jù ni pé ọ̀rá tirẹ̀ náà ń kán. Ó ní kí wọ́n máa lọ, ó sì padà wọlé.

Bàbá Hosokawa ṣì dúró lọ́dọ̀ Màmá Kuwabara. Sietse tẹríba, ó jẹ́wọ́ pé òun náà ti aṣọ bọ omi, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fọ ibẹ̀. Bàbá túmọ̀ rẹ̀. Ìyá sọ̀rọ̀ pẹ́, bàbá wá ṣe é ní kúkúrú.

"Ó ní òun ò bínú sí àwọn méjì yẹn, torí kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Ó ní ìwọ lòun kọ́. Ìwọ lòun sì fi wọ́n lé lọ́wọ́."

Ìyá fún un ní búrọ́ọ̀ṣì. Sietse kúnlẹ̀ nínú kòtò gbígbẹ, ó ha ìdọ̀tí tó lẹ̀ yí ara kòtò ká, ó ṣa irun, ó fi ìka yọ pílásítà Jelmer tó há sẹ́nu ihò. Kò mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀gbin Wopke àti èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, bàbá ti lọ sílé.

Láàárọ̀ Sátidé, ó lọ sí ìsọ̀. Òórùn igi tuntun ń ti inú jáde, ó sì wù ú débi pé ó dúró gbóòórùn rẹ̀ kó tó kan ìlẹ̀kùn. Bàbá Hosokawa yọjú, ó tẹríba fún un bí wọ́n ti ń tẹríba fún àlejò tí wọn kò mọ̀ rí.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá," ó ní. "Ọwọ́ mi dí lónìí."

Sietse bi í bóyá òun lè padà wá. Bàbá tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀, Sietse rí àpótí ìjókòó méjì tó kọjú síra wọn, pẹ̀lú irinṣẹ́ tí wọ́n ti tò sílẹ̀ fún ẹni méjì, tí wọn kò tíì kó kúrò. Lẹ́yìn náà, bàbá rọra ti ìlẹ̀kùn.

Àwọn àgbà ní àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ajá ni òwe náà ń bá wí, àgùntàn ló ń bá wí. Ajá kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgùntàn mọ̀, ó sì bá a jẹ ẹ́. Ọ̀dọ́ tó bá mọ ohun tó tọ́, tó wá pa á tì kí ẹgbẹ́ má baà fi í rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ti ìlẹ̀kùn tó ń wù ú wọ̀.