Kùrukùru Tí Ń Bí Ìràwọ̀

"Àǹtí, ẹ di ojú kan, kí ẹ fi ìkejì wò ó."

Ohùn yẹn ni Moyinolúwa kọ́kọ́ fẹ́ràn. Ó kó àwọn ọmọ kíláàsì tó ń kọ́ wá sí pápá ilé ìwé ní Ìkòyí-Ilé lálẹ́ ọjọ́ kan, níbi tí Adéṣínà, tíṣà físíìsì láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, gbé awò gígùn tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ kalẹ̀ sí. Òjò ọ̀sán ti fọ ojú ọ̀run mọ́ tónítóní.

Ó yọjú wò ó. Kùrukùru funfun kan tẹ́ sílẹ̀ bí òwú tí atẹ́gùn tú. Ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ kóra jọ sínú rẹ̀, wọ́n ń dán yinrin. Moyinolúwa gbàgbé pé àwọn ọmọ ń dúró lẹ́yìn òun.

"Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń bí wọn," ni Adéṣínà wí. "Wọn ò tíì ju bíi mílíọ̀nù ọdún méjì lọ. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n."

"Irú ọmọ ọwọ́ wo nìyẹn!"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Moyinolúwa sọ nípa Adéṣínà àti ìràwọ̀ tó ń wò nílé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá rẹ̀, Díákónì Bámgbóṣé, gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Ẹni tó ń wo ìràwọ̀ àwọn èèyàn, tó ń sọ ọjọ́ ọ̀la wọn? Nínú ilé Onítẹ̀bọmi!"

"Bàbá, kì í wo ìràwọ̀ ẹnikẹ́ni."

"Ó ti wo tìrẹ. Ṣé o rí bó ṣe ń ṣe ọ́!"

Moyinolúwa sunkún. Kò lè fi Adéṣínà sílẹ̀, kò sì lè ṣe ìgbéyàwó tí bàbá rẹ̀ kò gbàdúrà sí.

"Má sunkún mọ́, olólùfẹ́ mi," ni Adéṣínà wí lórí fóònù. "Màá gbé awò náà wá kí Bàbá fojú ara wọn wò ó."

Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní àgbàlá wọn, awò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Dìde. Kí ni ìràwọ̀ ọmọ mi sọ fún ọ?" ni Díákónì bi í.

"Ìràwọ̀ kì í bá mi sọ̀rọ̀, sà. Ẹwà wọn ni mò ń wò. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá wò ó."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó pẹ́ nídìí awò náà débi pé Moyinolúwa bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà sínú. Nígbà tí Bàbá máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ọlọ́run tóbi! Ṣé inú kùrukùru yẹn ni wọ́n máa wà títí?"

"Rárá, sà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jọ ń dàgbà. Tó bá yá, oníkálukú á bá tirẹ̀ lọ."

"Ṣé ó máa pẹ́?"

"Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, sà."

Bàbá nàró. Ó nu ojú, ó wo ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo.

"Tèmi ò tiẹ̀ dúró tó ọgbọ̀n ọdún." Ó kọjú sí Adéṣínà. "Àwọn ẹbí rẹ ńkọ́? Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀ wá rí wa?"