Ẹni Tó Di Gàzálì Lọ́wọ́ Mú

Ọwọ́ tí wọ́n ti gé ni ó ń dun Gàzálì. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ tó ń wà ti ta takìtì lójú títì márosẹ̀ Òrè, tí Toyibat, ìyàwó rẹ̀, kú sínú rẹ̀, tí wọ́n sì gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nísàlẹ̀ ìgúnpá, oorun ti di ọ̀wọ́n. Àwọn ìka tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ń ta á, wọ́n ń ká kò. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò ráhùn mọ́.

Ìdí nìyí tó fi gbà nígbà tí Dókítà Ẹ̀bùnọlá, tó ń wá ibi tí ọpọlọ ti ń pàṣẹ fún ìka kọ̀ọ̀kan, ní kó wá sí ilé ìwòsàn kékeré kan l'Órè. Dókítà lẹ wáyà mọ́ apá tó kù, ó sì gbé irin roboto kan, èyí tó ń fi iná mànàmáná ta ọpọlọ jí, lé e ní agbárí.

"Ọpọlọ yín ò tíì mọ̀ pé ọwọ́ ti lọ, ẹ̀gbọ́n. Ibi tó ń darí rẹ̀ ṣì wà. Ohun tó bá ṣe yín, ẹ sọ fún mi."

Irin náà ró kọ́. Àtàǹpàkò tí kò sí mì. Dókítà sún irin díẹ̀. Ìka ìlábẹ̀ mì. Gàzálì ń dáhùn bí ẹni tó ń tòògbé. Nígbà tó kan àtẹ́lẹwọ́, ó ní, "Erùpẹ̀ ni. Ó tutù."

"Ọpọlọ máa ń tanni báyẹn."

Ó tún ró. Ara Gàzálì le.

"Ẹ dúró ná," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ẹnì kan dì mí lọ́wọ́ mú."

Dókítà gbé irin kúrò, ó pa á. Ṣùgbọ́n lójú ẹ̀rọ tó ń fi iṣan hàn, iṣan apá rẹ̀ ṣì ń fún, ó ń dẹ̀, ó tún ń fún. Dókítà rọra ń tú wáyà.

Gàzálì gun ọ̀kadà lọ sí Odigbó, sọ́dọ̀ Sàádátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń sá kòkó lójúde. Ó bi í léèrè ibi tí wọ́n sin ọwọ́ náà sí. Obìnrin náà fi ọwọ́ tú kòkó ká.

"O ò tíì mọ ara rẹ nígbà yẹn. Wọn ò tíì bo sàréè Toyibat. Mo ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ọmọ ọlọ́mọ má baà dá wà níbẹ̀."

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan?"

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. A ò fi lé e lọ́wọ́."

Gàzálì jókòó ti ẹní kòkó nínú oòrùn. Àtàǹpàkò kan ń rọra ra ẹ̀yìn ọwọ́ tí kò ní mọ́, bí Toyibat ti máa ń ṣe lóde ìkómọ, tí ó bá fẹ́ kí wọ́n máa lọ sílé. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ tó dì í mú rọra fà á.

Ó ti rẹ Gàzálì gan-an. Kò fa ọwọ́ rẹ̀ padà.