Ẹni Tí Kì Í Sanwó Òdòdó

Àná ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán. Òní ni iṣẹ́ tí Cornelius, ọ̀rẹ́ Mojeed tó ń gbé ní ìlú ńlá, rán ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Ní Ìwéré-Ilé, àfi kéèyàn gun àpáta ẹ̀yìn ìlú kí fóònù tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gidi. Orí àpáta náà ni Sodiqat àti Mojeed, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, jókòó sí nígbà tí fóònù Mojeed dún. Ọwọ́ Sodiqat ló wà, òun ló kà á sókè.

"Ta gbogbo ìpín rẹ lónìí. Iye tí wọ́n ń pe ilé-iṣẹ́ yẹn ti ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ."

Iṣẹ́ kejì tẹ̀ lé e: "Ó ti já lulẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á mọ́."

Mojeed fọwọ́ lérí.

"Ìpín wo?" Sodiqat bi í.

"Ti ilé-iṣẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Wọ́n ń gbé oúnjẹ kiri fún àwọn ará ìlú ńlá. Ojoojúmọ́ ni iye rẹ̀ ń gòkè, Àṣàkẹ́."

"Ṣé wọ́n ti jèrè rí?"

"Rárá. Wọ́n ní èrè ń bọ̀."

"Owó wo lo fi rà á?"

Ìsàlẹ̀ àpáta ni Mojeed yíjú sí, níbi tí oko kajú tí ìyá Sodiqat fi sílẹ̀ fún un kó tó kú ti ń tanná. Sodiqat náà wo ibẹ̀. Òun ló fi oko náà síkàáwọ́ Mojeed, nítorí òwò kajú ló ń ṣe.

"O ti ta oko ìyá mi."

"N kò tà á. Èso rẹ̀ ni mo tà sílẹ̀ fún Ọlágòkè, oníkajú ẹgbẹ́ mi, títí ọdún mẹ́ta. Mo fẹ́ fi èrè ìpín náà kọ́lé kí wọ́n tó so yìgì wa. Mo fẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu."

"Ó yà mí lẹ́nu."

Abẹ́ igi wọ̀nyẹn náà ni wọ́n ti pàdé. Àwọn oníkajú yòókù ń rí òdòdó, wọ́n ń dá owó lé e. Mojeed nìkan ló rẹ́rìn-ín. "Arẹwà, èmi kì í sanwó òdòdó. Ọyẹ́ lè jó o. Ìgbà tí kóró bá délẹ̀ ni mo tó ń ná an." Ọjọ́ náà ni ìfẹ́ rẹ̀ wọ Sodiqat lọ́kàn. Ó rò pé ọkùnrin tó ń ṣọ́ra báyìí á ṣọ́ òun náà.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Mojeed wá bẹ Sodiqat nílé bàbá rẹ̀.

"Ìyàwó mi, ọmọ mi kì í ṣolè."

"Ẹ ò purọ́, Màámi. Olè kì í fi oríkì peni ní Àṣàkẹ́."

Ràmọ́nì, bàbá Sodiqat, wúkọ́. "A ti sọ ọjọ́ yìgì fún lèmọ́mù. Ojú á tì wá."

"Bàbá, ojú ti tì mí ṣáájú yín."

Ó jáde. Mojeed dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àṣàkẹ́ mi, nítorí rẹ ni."

"Ká ní o bi mí ni, ǹ bá sọ fún ọ pé òdòdó lo fẹ́ rà. Ìwọ lo kọ́ mi. Ṣùgbọ́n o ò bi mí." Ó nawọ́ sí apá oko. "Màá ṣiṣẹ́ fún Ọlágòkè nínú oko ìyá mi títí ọdún mẹ́ta èso tó o tà fún un á fi pé. Mo ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ, Mojeed, ohun tó sì ń bí mi nínú jù nìyẹn. N kò ní fẹ́ ọ."