Fìlà Tó Ń Sọ Pé Ó Ti Yé Wọn

Ní ọdún kọkànlélógójì tí àwọn ènìyàn wa ti ń gbé orí òṣùpá, wọ́n gbé fìlà kan dé Kọ́lẹ́ẹ̀jì Aráàlú ti Òkè-Òṣùpá. Afòyehàn ni wọ́n sọ ọ́. Olùkọ́ ni yóò dé e. Ojú kékeré méjì tó wà níwájú rẹ̀ yóò máa wo ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ̀kọ́ bá ti yé wọn, ìlẹ̀kẹ̀ àárín rẹ̀ yóò tan iná àwọ̀ ewé, fìlà yóò sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí olùkọ́ létí pé, "Ó ti yé wọn. Ẹ máa bá a lọ." Bí kò bá tíì yé wọn, yóò tan pupa. Ẹni tó ṣe é, Ọ̀mọ̀wé Ìbíyẹmí, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ọpọlọ ọmọbìnrin náà pé, ẹ jẹ́ ká fún un ní tirẹ̀. Àmọ́ ọpọlọ pípé ò ní kí wàhálà má bẹ́.

Olùkọ́ Àdùbí ti fi ọgbọ̀n ọdún ó lé kan kọ́ni ní àtúnṣe ẹ̀rọ èémí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ẹ̀rọ èémí ló ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún gbogbo ìlú, nítorí abẹ́ òrùlé dígí ni wọ́n ń gbé, afẹ́fẹ́ kankan ò sí níta. Àwọn tó ń kọ́ kì í ṣe ọmọdé. Télọ̀ wà nínú wọn, alásè wà, bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin wà, gbogbo wọn ń wá iṣẹ́ kejì. Ọ̀nà tí Àdùbí ń gbà kọ́ wọn kò le. Tó bá ti ṣàlàyé tán, á lọ jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́, á na ìka sí ẹnì kan, á ní, "Ìwọ ló kàn. Èmi ò mọ nǹkan kan. Wá kọ́ mi." Ibẹ̀ ni àṣírí ti máa ń tú. Ẹni tó ti ń mi orí láti àárọ̀ á dé iwájú pátákó, á wá máa họ orí.

Kí fìlà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ní gbogbo olùkọ́ gbọ́dọ̀ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ogójì olùkọ́ kóra jọ sí gbọ̀ngàn láti aago mẹ́jọ. Ọ̀mọ̀wé Ìbíyẹmí ń fi àwòrán hàn lára ògiri, ó ń sọ̀rọ̀ nípa òṣùwọ̀n òye àti ìlà ìfọkànsí, ọ̀rọ̀ ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Kò yé Àdùbí rárá. Olùkọ́ Ṣówándé tó jókòó tì í fẹnu sí i létí: "Kí ló ń wí gan-an?" Àdùbí ní òun ò mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọbìnrin náà tẹ orúnkún díẹ̀, tó bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin àgbà mi, ṣé ó yé yín?" gbogbo wọn rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n mi orí. "Ó yé wa dáadáa, ọmọ wa. O ṣeun." Ta ló fẹ́ dójú ti ọmọ ọlọ́mọ tó ti wà lórí ìdúró láti òwúrọ̀? Ojú kékeré bíi ti fìlà wà lára ògiri káàkiri, ó ń wò wọ́n fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ń wò.

Òfin tó tẹ̀ lé e ló wá dà bí egungun ẹja lọ́nà ọ̀fun. Olùkọ́ tí kò bá tẹ̀ síwájú nígbà tí iná ewé bá tàn, fìlà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń fi àkókò ṣòfò, wọ́n á sì dá a padà sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n á gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, wọ́n ti dá Àdùbí padà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ó jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló tún jókòó sí gbọ̀ngàn yẹn, tí wọ́n bi í bóyá ó yé e, tó ní ó yé òun. Kò sì yé e.

Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó lọ bá ọ̀gá àgbà, Bàbá Láṣebìkan, ní ọ́fíìsì. Ó bá Ìbíyẹmí níbẹ̀.

"Ọ̀gá, fìlà yìí ò jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi. Èmi kì í wo orí tó ń mì. Mo fẹ́ kí ẹni tí mo kọ́ lè kọ́ mi padà."

"Mà, ẹ má bínú," ni Ìbíyẹmí dáhùn. "Ọjọ́ mẹ́rin lẹ fi ń kọ́ ohun tí ọjọ́ kan tó fún."

"Ọjọ́ mẹ́rin yẹn ni kò jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe ẹnikẹ́ni léṣe láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ni, kí wọ́n tó bí ọ, ọmọ mi!"

Bàbá Láṣebìkan gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Olùkọ́ Àdùbí, mo bẹ̀ yín. Ogún ẹ̀rọ tuntun ló ń bọ̀, a ò ní ẹni tó máa tọ́jú wọn. Ẹ jẹ́ ká yára. Mi ò fẹ́ kí kíláàsì yín bọ́ lọ́wọ́ yín."

Àdùbí gbá ilẹ̀kùn bó ṣe ń jáde. Inú ń bí i débi pé ó gbàgbé àpò rẹ̀ sórí àga ọ̀gá, ó sì tún ní láti padà wọlé lọ mú un, èyí tó tún dá kún ìbínú náà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹ̀kọ́ kan ọmọrí ẹ̀rọ èémí. Afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ ọmọrí náà lágbára, ó lè pa ènìyàn. Kí a tó ṣí i, a ó ti ẹnu àbáwọlé afẹ́fẹ́ pa, a ó sì dúró kí abẹ́rẹ́ ìwọ̀n wálẹ̀ dé òdo. "Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kọ́ là ń dúró dè o," ni Àdùbí wí. "Afẹ́fẹ́ ni. Abẹ́rẹ́ lè há. Ẹ gbé etí lé ara ẹ̀rọ. Bó bá ṣì ń mí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé wa, mà."

Ìṣọ̀lá jókòó síwájú. Télọ̀ ni, ìyá ọlọ́mọ méjì, ẹni tó ní ìtẹríba púpọ̀. Ó mi orí, ó sì wolẹ̀. Ọkàn Àdùbí kò gba orí tó mì yẹn gbọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sídìí àga. Iná ewé tàn. "Ó ti yé wọn. Ẹ máa bá a lọ." Ó dúró láàárín kíláàsì, ó ń rántí pé ìkẹta ló kù. Ó padà síwájú pátákó, ó sì ṣí ojú ewé tó kàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, abẹ́rẹ́ há sí òdo lára ẹ̀rọ kan ní Àdúgbò Kẹrin. Ìṣọ̀lá ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti ẹnu àbáwọlé pa, ó wo abẹ́rẹ́, ó rí òdo, ó sì ṣí ọmọrí. Ọmọrí náà fò, ó gbá a láyà.

Nígbà tí Àdùbí dé ọsibítù, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ wà nímú Ìṣọ̀lá, ẹ̀rọ kékeré kan ń mí fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Dókítà ti ní kò ní lè mí láìsí i mọ́ láyé rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà," ni Ìṣọ̀lá wí. "Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn ò yé mi."

"Ìṣọ̀lá, o mi orí sí mi."

"Ẹ ti ń kọ́ wa láti àárọ̀, ó ti rẹ̀ yín. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dìde láàárín èrò kí n ní kò yé mi? Ó máa dà bíi pé ẹ ò mọ èèyàn kọ́." Ó sinmi kí ẹ̀rọ mí fún un. "Mo rò pé ẹ máa jókòó sórí àga, bí ẹ ṣe ṣe lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ ní kí n wá kọ́ yín. Mo ń retí yín ni, mà."

Àdùbí di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì sunkún. Ó mọ ibi tí òun ti rí irú orí mímì bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo olùkọ́ pàdé ní gbọ̀ngàn. Ìbíyẹmí dúró níwájú, ojú rẹ̀ ti wú, fìlà kan wà lórí tábìlì. Àdùbí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, báwo ni fìlà yìí ṣe mọ bí ojú ẹni tí nǹkan yé ṣe ń rí?"

"A kọ́ ọ ni, mà. Ojú àwọn olùkọ́ la fi kọ́ ọ, níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti ní ó yé yín, ó ń ka ojú yín mọ́rí."

Olùkọ́ Ṣówándé fọwọ́ bo ẹnu.

"Ojú ta ló kà jù?"

Ìbíyẹmí wolẹ̀. "Tiyín, mà. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ wá."

Kò sẹ́ni tó lè wo Àdùbí. Ìbíyẹmí yára bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí òun yóò ṣe tún un ṣe, ó ń sọ̀rọ̀ nípa òṣùwọ̀n tuntun àti ìlà tuntun, títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀. Ó tẹ orúnkún díẹ̀. "Ṣé ó yé yín, ẹ̀yin àgbà mi?"

Ogójì olùkọ́ ni wọ́n. Mọ́kàndínlógójì mi orí.

"Kò yé mi," ni Àdùbí wí. Ẹ̀rín músẹ́ tí wọ́n fi tọ́ ọ láti kékeré, èyí tí a fi ń pọ́n àlejò lé, ṣì wà lójú rẹ̀, kò mọ bí yóò ṣe mú un kúrò. "Ọmọ mi, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kò ti yé mi."

Lórí tábìlì, fìlà wo ojú rẹ̀. Iná ewé tàn.

"Ó ti yé wọn," ni fìlà wí. "Ẹ máa bá a lọ."