Ọ̀nà Ẹ̀yìn Ọgbà Ẹranko

Àárọ̀ Sátidé ni. Aránṣọ jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ tó máa ń tún fíríìjì ṣe sì tẹ́ àwòrán ilẹ̀ ọgbà ẹranko ńlá ti ìjọba sórí tábìlì tí ìyàwó fi ń gé aṣọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti yege nínú ìdánwò àṣekágbá, bàbá rẹ̀ sì ti ṣèlérí pé òun á mú un lọ wo erin. Ọgbà náà fẹ̀ débi pé ọkọ̀ lè sáré láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kó má rí òpin rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni bàbá àti ọmọ fẹ́ lò níbẹ̀. Aránṣọ ò lè bá wọn lọ, torí aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà kan wà nílẹ̀ tí kò tíì parí.

"Ẹ rọra o, Dádì," ó wí. "Abẹ́rẹ́ wà lórí tábìlì yẹn. Ẹ má lọ gún erin lẹ́sẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀."

Ọmọ wọn bú sẹ́rìn-ín. Ohùn afọ̀nàhàn tí wọ́n fẹ́ gbà ń jáde látinú fóònù tó wà láàárín wọn. Mọ̀nàtán ni ọkùnrin náà ń pe ara rẹ̀.

"A ò ní gba ẹnubodè," Mọ̀nàtán wí. "Èrò máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Mo mọ ọ̀nà ẹ̀yìn kan, ibi tí àwọn erin ti ń mumi gan-an ló já sí."

Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Tẹ́ ò bá gba ẹnubodè, ta ló máa mọ̀ pé ẹ wà nínú igbó?"

"Èmi náà ńkọ́, Màmá? Ṣé èmi kì í ṣe èèyàn ni?"

"Káàdì tí ìjọba ń fún àwọn afọ̀nàhàn, ṣé ẹ ní in?"

"Ó wà nílé."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin mí. Ìbéèrè yìí pọ̀ débi pé èèyàn á rò pé ọmọ wa ló fẹ́ fẹ́."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún tẹ ẹ̀rọ. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ náà dùn ún ju ẹkún lọ.

Ẹnu ọmọ la ti gbọ́ èyí tó kù. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n wọ igbó, ọkọ̀ wọn rì sínú iyanrìn odò kan tó ti gbẹ. Fóònù ò lọ. Mọ̀nàtán gbé kẹ́ẹ̀gì omi tó tóbi jù, ó ní òun ń lọ wá ẹni tó máa fà wọ́n jáde, oòrùn ò ní tíì yí tí òun á fi dé. Ẹ̀yìn ìgbà náà la tó mọ̀ pé ó jáde sí títì lóòótọ́. Àmọ́ ó mọ̀ pé tí òun bá lọ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà, wọ́n á bi òun ní ọ̀nà tí òun gbà wọlé. Ó bá wọ ọkọ̀ èrò, ó gba ilé lọ, ó sì panu mọ́.

Bàbá dúró títí omi fi tán. Ó wá ní kí ọmọ má kúrò lábẹ́ òjìji ọkọ̀, òun náà sì fẹsẹ̀ rìn lọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń lé ọdẹ olè ló rí i tí gíláàsì ọkọ̀ ń kọ mànà lókèèrè. Wọ́n bá ọmọ láàyè. Abẹ́ igi kan ni wọ́n ti bá bàbá rẹ̀. Ó ti kú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá," ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ wí nígbà tí aránṣọ dé ọ́fíìsì rẹ̀. "Ká ní wọ́n gba ẹnubodè ni, à bá ti mọ ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ àti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n jáde. Tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, à á wá wọn lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wá. Dídúró tí ọmọ yín dúró ti ọkọ̀ ló gbà á là. Ọkọ̀ tètè ń hàn síni ju èèyàn lọ, ẹni tó bá sì ń rìn nínú oòrùn, ńṣe ló ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ da omi ara rẹ̀ nù."

"Ẹni tó gbé omi lọ ńkọ́?"

"Ọlọ́pàá ń wá a."

Aránṣọ dìde. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní: èmi náà á wá a.

Ọdún yípo. Oníbàárà kan wá wọn aṣọ, ó sì ń fi àwòrán afọ̀nàhàn kan han aránṣọ àti ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, pé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ń múra àtilọ wo ẹranko. Ọkùnrin inú àwòrán náà dá irùngbọ̀n sí, ó sì ti ń pe ara rẹ̀ ní Bàbá Igbó. Bọ́tìnnì tí ọmọ aránṣọ ń gán bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì, òun nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká pe ọlọ́pàá."

"Màá pè wọ́n," ìyá wí. Irọ́ ló pa. Nọ́ńbà ọkùnrin náà ló gbà lọ́wọ́ oníbàárà, ó sì sọ fún obìnrin náà pé kó jìnnà sí i.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ẹ̀san nìkan ló ń wù ú. Ó kọ́ ọ̀nà inú àwòrán tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ títí ó fi lè dijú tọ̀ ọ́. Ó tún mọ́tò ọkọ rẹ̀ tí wọ́n fà jáde nínú iyanrìn ṣe, ó sì kùn ún lọ́dà mìíràn. Ó wá pe ọkùnrin náà, ó ní òun fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́ta nínú ọgbà. Mọ̀nàtán ò dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Ẹni tó ń tan ọgọ́rùn-ún èèyàn kì í rántí ohùn ẹnì kan.

"Màdáámù, a ò ní gba ẹnubodè o. Mo mọ ọ̀nà ẹ̀yìn kan."

"Ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn gan-an ni mo fẹ́."

Nígbà tí wọ́n dé odò gbígbẹ náà, aránṣọ dúró ní etí rẹ̀, ó ní kó bá òun wo táyà ẹ̀yìn. Bí ọkùnrin náà ṣe sọ̀ kalẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn pa, ó sì wa mọ́tò síwájú díẹ̀. Ó yọjú lójú fèrèsé.

"Ṣé o mọ ibí yìí?"

Mọ̀nàtán wo odò, ó wo ojú rẹ̀. Ó yé e. Ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. "Màámi, ẹ ṣàánú mi. Ẹ̀rù ló bà mí nígbà náà. Ẹ fún mi lómi, ó kéré tán."

"Ọkọ mi náà fẹ́ mu omi," aránṣọ wí. Ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ, kò wẹ̀yìn. Inú rẹ̀ dùn. Ká má parọ́, inú rẹ̀ dùn gan-an.

Bó ṣe dé títì, fóònù rẹ̀ gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì dún. Ọmọ rẹ̀ ni.

"Mọ́mì, níbo lẹ wà?"

Kò lè dáhùn. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé irú ìdákẹ́jẹ́ tó pa ọkọ òun ló wà lẹ́nu òun báyìí. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ́ títí, torí ìkórìíra náà ò fẹ́ kó dìde. Nígbà tó ṣe, ó wa ọkọ̀ lọ sí ẹnubodè, ó sì sọ fún ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ pé, "Ọkùnrin tẹ́ ẹ̀ ń wá wà lódò gbígbẹ. Èmi ni mo fi í síbẹ̀."

Wọ́n bá a láàyè, àmọ́ kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́. Ọsibítù ló ti dé kóòtù, kóòtù ló sì gbà dé ẹ̀wọ̀n ọlọ́jọ́ pípẹ́. Adájọ́ wá kọjú sí aránṣọ. "Ìbànújẹ́ rẹ yé wa," ó wí. "Ṣùgbọ́n igbó kì í ṣe ilé ẹjọ́." Ó rán òun náà lẹ́wọ̀n.

Ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wá wo ìyá rẹ̀ lẹ́wọ̀n, kò sunkún. Ó kàn ní, "Odidi ọdún kan lẹ fi ń wá ọkùnrin yẹn, Mọ́mì. Mo wà nílé, ẹ ò wá mi." Aránṣọ fẹ́ sọ pé nítorí rẹ̀ lòun ṣe ṣe é, àmọ́ ó mọ̀ pé irọ́ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń múra àtilọ sí irú ọgbà bẹ́ẹ̀, igbó ò mọ ẹni tó ní ọmọ nílé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ mọ̀ pé ẹ wọlé, kẹ́nì kan nílé sì mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa jáde. Ẹ gbé omi ju èyí tẹ́ ẹ rò pé ó tó lọ, ẹ má sì fi gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́ ẹnì kan. Tí ọkọ̀ bá bàjẹ́, ẹ dúró tì í. Ẹ̀yin tí wọ́n sì ti ṣẹ̀, tẹ́ ẹ bá mọ ibi tí ẹlẹ́ṣẹ̀ wà, ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ pè, kí àwọn ọmọ yín má baà di ọmọ òrukàn lẹ́ẹ̀mejì. Tí afọ̀nàhàn bá ní káàdì òun wà nílé, ẹ ní kó lọ mú un wá. Ẹ má tijú ìbéèrè, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rín pa á mọ́ yín lẹ́nu. Ẹ bi í nísinsìnyí, kó tó di pé ẹni tó gbé òkú wá lẹ máa máa bi.