Ìwé Mẹ́fà Lẹ́yìn Ràkúnmí

Ràkúnmí mẹ́ta kúnlẹ̀ lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́, àyà Idil sì já. Ọ̀gbẹ́ni Dubow, tó ń fi ràkúnmí kó ìwé ká àwọn abúlé agbègbè Garissa ní Kẹ́ńyà, ti yọ bírò.

"Idil, ìwọ lo kọ́kọ́ ka ìwé kìn-ín-ní. Ṣé kí n kó márùn-ún tó kù wá? Wá buwọ́ lùwé."

Àpótí kan ṣoṣo ló ń kan ilé ẹ̀kọ́ wọn ní sáà kan. Ohun tí wọ́n bá buwọ́ lù ni yóò wà nínú rẹ̀ títí sáà á fi parí. Ìwé sáyẹ́ǹsì ni Hodan ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́, nítorí ìdánwò ń bọ̀. Idil ló yarí pé ìtàn alápá mẹ́fà nípa ọmọ ọba tó ń wá adé bàbá rẹ̀ ni kí wọ́n mú. Ó bẹ̀bẹ̀ títí gbogbo kíláàsì fi nawọ́ sókè, Hodan pàápàá nawọ́. Ọ̀gbẹ́ni Dubow wá fi ìwé kìn-ín-ní sílẹ̀ fún Idil fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó kà á wò kó tó buwọ́ lùwé fún gbogbo wọn.

Àṣé ìwé ò dùn! Ẹ gbà mí o. Odindi ọgọ́rin ojú ìwé ni ọmọ ọba fi ń yan ẹṣin. Ìgbà tó wá gun ẹṣin tán, oorun ló lọ sùn. Ojú ìwé kẹwàá ni Idil wà nígbà tí Hodan bi í bó ṣe rí, ó sì yára dáhùn pé, "Oyin ni, ọ̀rẹ́ mi!" Látọjọ́ náà ló ti há. Wọ́n á bi í ní kíláàsì, wọ́n á bi í nídìí kànga, á sì máa fi irọ́ kún irọ́. Ó ti sọ pé ọmọ ọba bá kìnnìún jà. Kìnnìún wo? Ẹṣin nìkan ló wà níbẹ̀.

Ní báyìí, bírò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá buwọ́ lù ú, ó ti ba sáà gbogbo wọn jẹ́. Tí kò bá buwọ́ lù ú, ojú á tì í pa. Àfi bíi pé wọ́n tì í mọ́nú àpótí náà.

"Ọmọ yìí, ṣe kíá!" Ifrah, ọmọ kíláàsì wọn, pariwo láti ẹ̀yìn. "A fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kìnnìún yẹn já sí!"

Hodan rọra sọ sí i létí pé, "Buwọ́ lù ú jàre. Tó o bá ti ní ó dùn, ó dùn náà nìyẹn. Ọlọ́run á bá mi ṣe ti ìdánwò."

Ì bá sàn kí Hodan bú u. Idil gbé bírò sílẹ̀.

"Ẹ má kó wọn wá mọ́, sà. Ìwé náà ò dùn rárá. Kò sí kìnnìún kankan níbẹ̀. Irọ́ ni mo pa."

Ariwo ta. "Oyin! Oyin tó korò!" ni Ifrah ń kígbe. Hodan ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, ó kàn yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ló sì dun Idil jù.

Ọ̀gbẹ́ni Dubow mi orí. "Ẹnu la fi í kọ 'mi ò jẹ', ọmọ mi. Ìwọ wá panu mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé sáyẹ́ǹsì ti lọ sí abúlé mìíràn báyìí, ó di oṣù tó ń bọ̀."

Ìgbà tó fi máa dé, ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì péré. Idil ń bá Hodan pọnmi lójoojúmọ́ kó lè ráyè kàwé. Hodan yege, àmọ́ díẹ̀ ló kù kó fìdí rẹmi.

Irọ́ kékeré lèèyàn fi ń ti ara rẹ̀ mọ́lé. Bó bá sì ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ ni ìyà á máa kan ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tètè máa sòótọ́.

Orúkọ "Oyin" tí Ifrah fi pè é lọ́jọ́ náà ò kúrò lára Idil. Ní sáà tó tẹ̀lé e, bí Ọ̀gbẹ́ni Dubow ṣe ṣí àpótí, Hodan já ìwé ńlá kan gbà, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́.

"Oyin, kọ́kọ́ bá wa kà á. Tó o bá ní kò dùn, a ò ní buwọ́ lù ú."