Ọkọ̀ Oníjòókòó Kan

Ẹsẹ̀ ni ọmọbìnrin gbẹ́nàgbẹ́nà kọ́kọ́ rí lára apẹja kan: méjèèjì nà sókè lójú omi, orí wà nísàlẹ̀. Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ẹlẹ́nìkan tó wá dán wò kó tó rà á ti dà á sómi.

"Orí kọ́ la fi ń wa ọkọ̀ o," ọmọbìnrin náà wí nígbà tí ọkùnrin náà yọ.

Ó tu omi lẹ́nu. "Àǹtí, ọkọ̀ yín ló lé mi dànù."

"Ẹ dìde dúró bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ńlá. Jíjókòó là ń jókòó sínú eléyìí."

"Èmi tí mo ti ń pẹja láti kékeré!"

"Ẹ sì ti rí ẹja ńlá mú lónìí: ara yín."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wọ ọmọbìnrin náà lára.

Òun ló kan ọkọ̀ náà, ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Apẹja padà wá, ó ní ìjókòó le. Wọ́n fá a. Ó tún dé, ó ní àjẹ̀ gùn jù. Wọ́n gé e. Ìgbà tó wá ní ọ̀dà rẹ̀ pupa jù, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti ọkọ̀ mọ́.

"Kí la tún fẹ́ ṣe sí i lónìí, ààyò mi?" ọmọbìnrin náà bi í.

"Ẹ má ṣe nǹkan kan sí i. Ẹ ṣáà fẹ́ mi."

Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ti dojú dé mọ́ àkọ́bí rẹ̀ lórí rí, ọmọ náà kò sì rí i gùn padà. "Mo lè ta ọkọ̀ fún apẹja," ó wí, "mi ò lè fi ọmọ fún un. Ọ̀kan tí omi gbà lọ́wọ́ mi ti tó." Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá, ta ni yóò bá a wí?

Ọmọbìnrin náà sunkún títí, ó nu ojú, ó lọ bá apẹja. "Ẹ dojú ọkọ̀ náà dé níṣojú bàbá mi."

"Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Kì í rì. Nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni mo ṣe kàn án bẹ́ẹ̀. Ẹ ó gùn ún padà."

Bàbá dúró létí omi. Apẹja tẹ ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ yí, ọkùnrin náà sì rì sábẹ́ omi.

"Ọmọ mi!" Bàbá ti wọ omi dé orúnkún kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

Apẹja yọ, ó yí ọkọ̀ padà, ó gbìyànjú, ó já bọ́. Ó tún fi àyà fà gorí rẹ̀, ó sì jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dìde dúró.

Bàbá wo ọkọ̀ náà pẹ́.

"Ìjókòó kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìyàwó rẹ ńkọ́, orí ni yóò dúró lé?" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Lọ gbé ayùn wá."